Ẹni tó ń ta iṣẹ́, kò níṣẹ́ lọ́wọ́: Ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń wáṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, aago mẹ́sàn-án ti kọjá díẹ̀, ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí lórí fóònù. Ohùn ayọ̀ ni ó fi kí mi. "Bọ̀dá, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ bá mi yọ̀, mo ti ríṣẹ́!" Ọmọ náà ti parí ìsìnrú ìlú láti bí ọdún méjì sẹ́yìn, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tí kò tíì kọ̀wé sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo wá béèrè irú iṣẹ́ tí ó jẹ́. Ó ní ọ̀gá kan ni ó kọ̀wé sí òun lórí LinkedIn, pé ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ńlá kan ń wá akọ̀wé owó, àti pé ìwé-ẹ̀rí òun ti tẹ́ wọn lọ́rùn. Owó oṣù tí wọ́n dárúkọ fún un ju ti ẹni tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ lọ.

Mo ní, "Ìgbà wo ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò?" Ó ní wọn kò tíì ṣe é, pé ó di ìgbà tí òun bá san owó àyẹ̀wò ara tán. Mo ní, "Èló ni owó náà?" Ó dákẹ́ díẹ̀. "₦45,000 ni, sà. Mo ti san ₦20,000 sílẹ̀ níbẹ̀." Owó àjọ ìyá rẹ̀ ni.

Mo ní kí ó tọrọ ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ ọ̀gá náà: kí ó fi àdírẹ́sì ọ́fíìsì rẹ̀ ránṣẹ́, kí èmi fúnra mi mú ìyókù owó wá fún un lọ́wọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀gá ti di àwátì. Àwòrán rẹ̀ kò sí mọ́, orúkọ rẹ̀ kò sí mọ́, nọ́ńbà tí ó fi ń pe ọmọ kò lọ mọ́. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ kejì, ohun tí wọ́n sọ kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, kì í ṣe ti owó yẹn ló ń dùn mí. Mo ti sọ fún gbogbo àwọn tí a jọ ń dá àjọ pé ọmọ mi ti ríṣẹ́."

N kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti ní kí ẹ sá fún íntánẹ́ẹ̀tì. Nítorí pé olè wà ní ọjà, a kì í torí rẹ̀ jókòó sílé kí ebi máa pa wá. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni ìdí tí olè fi ń rí wa mú, àti bí ọmọ tí kò ní ẹ̀gbọ́n ní ọ́fíìsì ńlá ṣe lè fi ojú ewé kan ṣoṣo wá iṣẹ́ tòótọ́.

Ta ni ó rán wọn níṣẹ́?

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà ni orúkọ tí a ń pe àwọn tí ń pe ènìyàn síṣẹ́. À ń pè wọ́n ní ejẹ́ǹtì, à ń pè wọ́n ní abániwáṣẹ́, bí ẹni pé àwa ni a bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Abániwá-òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Ilé-iṣẹ́ ni ó rán wọn, ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń bá wá ènìyàn, ilé-iṣẹ́ náà ni ó sì ń sanwó fún wọn. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọ̀hún, wọ́n ń gba owó oṣù níbẹ̀ bí àwọn yòókù. Àwọn mìíràn dá dúró ní tiwọn. Bí ẹni tí wọ́n mú wá bá wọlé sẹ́nu iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ a san iye kan fún wọn, èyí tí wọ́n sábà máa ń ṣírò láti ara owó oṣù tí ẹni náà yóò gbà ní ọdún àkọ́kọ́.

Alárenà ni wọ́n, ó sì yé gbogbo wa bí alárenà ṣe ń ṣe ní ayé àtijọ́. Ìdílé ọkọ ni ó ń rán an jáde pé kí ó bá àwọn wá aya rere. A kò gbọ́ ọ rí kí alárenà na ọwọ́ sí ọmọge pé kí ó mú owó wá kí òun tó fi ọkọ hàn án. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé kò sí ọkọ níbì kankan.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òwe nìkan. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kò fàyè gba ẹnikẹ́ni láti máa kó òṣìṣẹ́ jọ fún ẹlòmíràn láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, lábẹ́ mínísítà tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ìyẹn ILO, sì ṣe àdéhùn kan ní 1997, àdéhùn kọkànlélọ́gọ́sàn-án wọn, tí ó ní ejẹ́ǹtì kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ìbáà jẹ́ ní gbangba, ìbáà jẹ́ ní ọ̀nà ẹ̀bùrú, àfi níwọ̀nba ibi tí ìjọba orílẹ̀-èdè kan bá ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa kí ó tó yọ̀ǹda rẹ̀.

Ebi ni ó ń bo ojú wa

Bí ọ̀rọ̀ bá wá hàn gbangba tó báyìí, kí ni ó dé tí ọmọ tí ó kàwé ṣì ń sanwó? Ẹ jẹ́ kí a rántí ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 15, oṣù kẹta, ọdún 2014. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ìwọlé-wọ̀de ní Nàìjíríà ni ó pe àwọn awáṣẹ́ fún ìdánwò ní àwọn pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti forúkọ sílẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ti san ₦1,000. Àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ lé ní 500,000. Ipò tí ó ṣí sílẹ̀ kò tó 5,000. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà máa fi ṣú, ó kéré tán ènìyàn 15 ni wọ́n ti tẹ̀ pa nínú ìrọ́gìrì èrò ní Abuja, Port Harcourt, Minna àti Benin.

Àwọn tí ó kú lọ́jọ́ náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ìwé-ẹ̀rí wà lọ́wọ́ wọn. Àìríṣẹ́ ni ó lé wọn débẹ̀. Ibi tí ìyàn bá ti mú tó báyìí, ẹni tí ó bá ní òun ní oúnjẹ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi ìkòkò hàn kí a tó tẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí n kò fi bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wí lọ́jọ́ yẹn. Ìmọ̀ ni ó yẹ kí a fún un, kì í ṣe èébú.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a wá wo LinkedIn fúnra rẹ̀. Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ni Reid Hoffman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá a sílẹ̀. Ọjọ́ 5, oṣù karùn-ún, ọdún 2003 ni wọ́n ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Ní 2016, Microsoft ra ilé-iṣẹ́ náà ní owó tí ó lé ní 26 bílíọ̀nù dọ́là. Ní 2023, wọ́n kéde pé àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ti pé bílíọ̀nù kan. Báwo ni ibi tí èmi àti ẹ̀yin ń wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ṣe wá tó irú owó bẹ́ẹ̀? Apá tí ó pọ̀ nínú owó tí ń wọlé síbẹ̀ ń ti ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń wá òṣìṣẹ́ wá. Wọ́n ń sanwó kí wọ́n lè máa wo ojú ewé wa, bí oníbàárà ṣe ń wo ọjà lórí àtẹ. Ẹ tún rí i pé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń wá òṣìṣẹ́ ni owó ti ń jáde, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tí ń wáṣẹ́.

Gbólóhùn kan wà tí kò kúrò lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa: "Bí o kò bá mọ ẹnì kan, o kò lè ríṣẹ́." Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àbọ̀ òótọ́ ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ rò ni pé ẹni tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ náà ni mínísítà, ọ̀gágun tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá báńkì. Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde ní 1973 tí ó tako èrò yìí. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn kan tí wọ́n gbọ́ nípa iṣẹ́ wọn láti ẹnu ẹni tí wọ́n mọ̀, pé báwo ni wọ́n ṣe ń rí ẹni náà sí. Nínú ẹni 100, bí 17 péré ni ó ń rí onítọ̀hún déédéé. Àwọn yòókù, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń rí i, àwọn mìíràn kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i rárá: ẹni tí wọ́n jọ kàwé rí, ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ohun tí ìwọ mọ̀ náà ni àwọn tí ẹ jọ ń jẹun mọ̀. Bí iṣẹ́ bá wà ní àdúgbò yín, gbogbo yín ni ẹ ti gbọ́. Ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn díẹ̀ sí ọ ni ó ń gbọ́ ohun tí etí rẹ kò tó. Ní 2022, àwọn olùwádìí gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science, tí wọ́n ti wo ogún mílíọ̀nù ènìyàn lórí LinkedIn fún ọdún márùn-ún. Ohun kan náà ni ó hàn sí wọn: ojúlùmọ̀ lásán ń ṣínà iṣẹ́ ju ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé ẹni tí kò sí ohunkóhun láàárín yín rárá kò wúlò tó ojúlùmọ̀ tí ẹ ṣì ní ẹnì kan tàbí méjì tí ẹ jọ mọ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe máa tẹ bọ́tìnnì ìsopọ̀ sí gbogbo ọ̀gá tí ẹ bá rí láti Lagos dé London. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹ jọ jókòó ní kíláàsì, àwọn olùkọ́ yín, àwọn tí ẹ jọ sìnrú ìlú, àwọn tí ẹ jọ wà ní ẹgbẹ́ akọrin tàbí ní àsáláátù. Ilé Ifẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta láti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti dá Jobberman sílẹ̀ ní 2009, nígbà ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́, tí ó sì wá di ọ̀kan nínú àwọn ibi ìwáṣẹ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní Nàìjíríà. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ ara wọn ni wọ́n. Ẹ má fi ojú kékeré wo ẹni tí ẹ jọ jẹ ẹ̀wà àgànyìn.

Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé

Kí ẹni wà lórí LinkedIn ọ̀tọ̀, kí á rí ẹni níbẹ̀ ọ̀tọ̀. Bí abániwá-òṣìṣẹ́ bá jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, kì í ka ojú ewé gbogbo ènìyàn. Orúkọ iṣẹ́ àti irú ìmọ̀ tí ó ń fẹ́ ni ó ń tẹ̀ síbẹ̀, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá wà lára wọn ni ẹ̀rọ yóò kó jáde. Ẹni tí ó kọ ọ́ sórí ojú ewé rẹ̀ pé òun jẹ́ "ọ̀dọ́ tí ó lè ṣe iṣẹ́ kíṣẹ́" ti fi ara rẹ̀ pamọ́. Iṣẹ́ kíṣẹ́ kò sí nínú ohun tí ẹnikẹ́ni ń wá.

Ohun tí a ṣe fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Mo ní kí ó sọ ohun tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe rí. Ó ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ nínú, ó ní bóyá ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí òun bá tọ́jú ìwé owó wọn fún oṣù mẹ́jọ nígbà tí òun ń sìnrú ìlú. Kò sanwó, nítorí náà kò kà á kún iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ìwé àwọn oníṣòwò tí ó lé ní ọgọ́ta ni ó tò, ó kó o láti inú ìwé ọlọ́wọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó sì rí owó tí wọ́n ti ṣì kọ. Iṣẹ́ akọ̀wé owó gan-an nìyẹn. Òun ni a fi sí òkè ojú ewé náà, pẹ̀lú iye oṣù àti iye ènìyàn, láìbù mọ́ ọn.

Ẹ fi àwòrán tí ojú yín hàn dáadáa síbẹ̀, kì í ṣe èyí tí ẹ yà níbi òde ìnáwó. Ẹ má purọ́ nípa ìwé-ẹ̀rí. Àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá sì wà lẹ́nu iṣẹ́ kan tí ẹ ń wá òmíràn, ẹ lè yàn án pé kí àwọn abániwá-òṣìṣẹ́ nìkan rí i pé ẹ ń wáṣẹ́. Ṣùgbọ́n LinkedIn fúnra wọn sọ pé àwọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní dé etí ọ̀gá yín.

Bí ejẹ́ǹtì bá kàn yín

Ẹ dá a lóhùn kíákíá pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì béèrè ìbéèrè bíi mẹ́rin. Ilé-iṣẹ́ wo ni ó rán an? Kí ni orúkọ ipò náà, ìlú wo ni iṣẹ́ náà sì wà? Èló ni wọ́n là sílẹ̀ fún owó oṣù? Ta ni yóò fọ̀rọ̀ wáni lẹ́nu wò, nígbà wo? Abániwá-òṣìṣẹ́ tòótọ́ lè ní òun kò tíì lè dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà ní ọjọ́ kìíní, ṣùgbọ́n yóò dárúkọ rẹ̀ kí ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó pé. Kò ní bínú sí ìbéèrè, nítorí pé òun náà ń fẹ́ ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ẹ rántí pé òun kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín. Bí ẹ kò bá bá ipò náà mu, ó lè má dáhùn mọ́. Kì í ṣe ìkórìíra. Ẹlòmíràn ni ó ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹ kọ̀wé ìdúpẹ́ kúkúrú sí i, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn tí iṣẹ́ tí ó bá yín mu bá yọ, ẹni tí ó fi ìwà pẹ̀lẹ́ dágbére ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn.

Owó nìkan kọ́ ni olè ń wá

Bí wọ́n bá béèrè owó fọ́ọ̀mù, owó àyẹ̀wò ara tàbí owó aṣọ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kò ní béèrè kọ́bọ̀. Nọ́ńbà BVN, NIN, nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì báńkì tàbí òǹkà tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù ni wọn yóò ní kí ẹ mú wá. Ẹ má fún wọn. Ilé-iṣẹ́ tí kò tíì gbà yín síṣẹ́ kò ní ohun tí yóò fi BVN yín ṣe, òǹkà orí fóònù ní tirẹ̀ kò sì tọ́ sí ẹnikẹ́ni láyé.

Ọ̀mọ̀wé pàápàá ń kó sí i. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn olè wọ inú ẹ̀rọ tí ó wà lẹ́yìn eré Axie Infinity, wọ́n kó owó ayélujára tí iye rẹ̀ lé ní 600 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Ìjọba Amẹ́ríkà ní àwọn ọ̀daràn tí ó ní ọwọ́ North Korea nínú ni. Ìròyìn tí ó jáde lẹ́yìn náà sọ pé ẹnì kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà ni wọ́n fi iṣẹ́ èké tàn láti orí LinkedIn. Wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọ́n sì fi ìwé ìgbanisíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Ìgbà tí ó ṣí ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà ni olè wọlé.

Ẹ̀yin tí ojú yín wà ní òkè òkun, ẹ gbọ́ tiyín. Ní oṣù kejì ọdún 2022 ni ìjọba Britain ṣí físà fún àwọn olùtọ́jú arúgbó àti aláìlera, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì lọ. Bí ọjà náà ṣe gbóná ni àwọn ejẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ sí ta ìwé onígbọ̀wọ́ ní owó ńlá, tí àwọn mìíràn dé ọ̀hún tí kò sí iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ 22, oṣù keje, ọdún 2025 ni ìjọba náà ti ti ilẹ̀kùn yìí mọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti òkè òkun. Ẹni tí ó bá ṣì ń ta á, ohun tí kò sí lórí àtẹ ni ó ń tà.

Ọ̀nà àyẹ̀wò wà, kò sì gbowó. Àjọ CAC tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní ibi tí a ti lè wá orúkọ ilé-iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá rí orúkọ náà níbẹ̀, ẹ má tíì yọ̀. Olè lè gbé orúkọ olórúkọ wọ̀. Nọ́ńbà tí ó wà lórí ojú ewé ilé-iṣẹ́ náà gan-an ni kí ẹ pè, kì í ṣe èyí tí ejẹ́ǹtì fún yín. Láti 2022 ni LinkedIn sì ti ń fi oṣù àti ọdún tí ẹnì kan ṣí ojú ewé rẹ̀ hàn. Ẹni tí ó ní òun ti jẹ ọ̀gá fún ọdún 15, tí ojú ewé rẹ̀ kò tíì pé oṣù méjì, ẹ bi í léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀. Bí wọ́n bá sì ti rí yín mú, ẹ sáré lọ bá báńkì yín lójú ẹsẹ̀, kí ẹ kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lọ fún ọlọ́pàá tàbí EFCC. Ìtìjú ni olè fi ń ṣe odi.

Ẹ̀yin òbí

Nígbà mìíràn, àwa ni a ń lé àwọn ọmọ wọ̀nyí sọ́wọ́ oníjìbìtì. "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń ṣiṣẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo. Bí ọmọ bá ní òun ríṣẹ́, ẹ bá a béèrè ẹni tí ń sanwó kí ẹ tó bá a jó.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ríṣẹ́ báyìí. Ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ ní ọdún méjì ní yunifásítì, tí wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́, ni ó rí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yẹn lórí ojú ewé rẹ̀, tí ó sì sọ fún un pé ilé-iṣẹ́ oúnjẹ adìẹ kan ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú ìwé owó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Owó oṣù náà kò tó ìdajì èyí tí ọ̀gá èké ṣèlérí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá wọ́n ti sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ àjọ wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọjọ́ tí owó oṣù àkọ́kọ́ wọlé, tí ọmọ wá dá ₦20,000 padà fún àwọn, ọjọ́ náà ni àwọn tó la ẹnu.